Ẹ́ńjìnnì Ìta tàbí Ẹ́ńjìnnì Inú Ẹlẹ́sẹ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Odò Ọya?

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá, tó sì fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí yóò máa gbé lọ sí Lọ́kọ́jà tàbí adágún Kàǹjì, oríṣi méjì ni yóò bá pàdé. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ lóde, irú Yamaha tí àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ń lò. Èkejì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tó gbé abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀, sì gba ìdí ọkọ̀ yọ sínú omi; òun là ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀. Mo ti lo ẹlẹ́sẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì ìta ni mò ń lò báyìí.

Ní ti ẹwà àti àyè ìjókòó, ẹlẹ́sẹ̀ ló borí, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ti epo, ọ̀pọ̀ Yamaha àtijọ́ ń fẹ́ kí a po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ́ni lára.

Ọ̀rọ̀ jíà ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tó ti gbó, kébù jíà gba ìdí ọkọ̀ kọjá lọ sínú ẹsẹ̀, rọ́bà kan ló sì ń dáàbò bò ó. Bí oòrùn bá ti jẹ rọ́bà náà tó sán, omi yóò wọlé, kébù yóò dípẹtà, jíà yóò sì le. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni pé ẹ́ńjìnnì yóò máa kú nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá jíà padà sí fíríì létí èbúté. Ìdí rẹ̀ ni pé súwíìṣì kékeré kan wà lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tó máa ń gé iná fún ìgbà kúkúrú kí eyín jíà lè tú sílẹ̀. Bí kébù bá le, súwíìṣì náà kì í tètè jáwọ́. Mẹkáníìkì tí kò mọ èyí yóò tú kàbúrẹ́tọ̀, yóò pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, yóò sì gba owó yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún mi, ọkọ̀ sì tún kú ní Lọ́kọ́jà, tí ìṣàn odò ń gbé wa lọ sáàárín àwọn tó ń wa iyanrìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Èkó ló wá sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín, kébù jíà ló ń pa á.” Kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀, a ní láti fà ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kí a sì tú gbogbo ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Jíà ẹ́ńjìnnì ìta náà máa ń bàjẹ́: eyín rẹ̀ a máa jẹ, a sì máa fò kúrò nínú jíà, pàápàá bí awakọ̀ bá ń rọra kó o dípò kí ó kó o lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé e sókè lórí iyanrìn, kí ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì fọwọ́ kan kébù náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ ló wù yín, tí ọkọ̀ kò sì ní kúrò ní adágún Jàbí ní Àbújá, kò burú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹsẹ̀ náà, nítorí OMC, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cobra, ti wọko gbèsè ní ọdún 2000, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì lè ṣòro rí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ orí kébù, kí ẹ fi ọwọ́ tì í kí ẹ sì fà á nígbà tí ẹnì kan ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Bí ó bá gba agbára, kébù ti kú. Ẹ yí ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ìṣẹ́po rọ́bà lè là, kí ẹ wo bóyá ó ti sán. Ẹ tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ sọ́wọ́: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ owó kébù, owó rọ́bà àti owó ọkọ̀ mẹkáníìkì láti Èkó kúrò nínú iye tí ẹni tó ń tà á pè, kí ẹ tó dá a lóhùn.