Díkíṣọ́nárì Oxford fún akẹ́kọ̀ọ́: mo fi "say" àti "tell" dán an wò

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sí lẹ́sìnnì mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, máa ń bi mí pé díkíṣọ́nárì wo ni kí àwọn rà. Ìdáhùn mi kì í yí padà: Oxford Advanced Learner's Dictionary, ẹ̀dà kẹwàá tó jáde ní 2020. Owó rẹ̀ kò kéré rárá, nítorí náà ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ tí mo fi ń ní kí wọ́n ná an.

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá díkíṣọ́nárì kan wúlò, n kì í wá ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà. "Say" ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, tí mo bá kúrò níbẹ̀, ó di "tell". Kò sí ọmọ SS tí kò mọ "say", síbẹ̀ ó wà lára ohun tó ń jẹ máàkì wọn nínú lẹ́tà àti àròkọ. "He said me." "She told that she is sick." Bírò pupa mi ti rí irú wọn títí. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé: "sọ" kan náà là ń lò, a fi "fún" tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ pín iṣẹ́ yẹn fún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ibí yìí gan-an ni ìwé náà ti wù mí. Kì í sọ ìtumọ̀ "say" kó sì bá tirẹ̀ lọ, ó ń fi ohun tó lè tẹ̀ lé e hàn ọ́. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó kó "say" àti "tell" pọ̀ lójú kan: ènìyàn kì í tẹ̀ lé "say" ní tààrà, àfi kí "to" dúró láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ lé "tell". Bó bá sì jẹ́ pé àṣẹ ni wọ́n pa, "tell" ló ni ín. Ọmọ tó bá ka àpótí yẹn dáadáa á rí i pé "Ó ní kí n jókòó" kò ní láti di "He said that I should sit down" nígbà gbogbo. "He told me to sit down" ló já gaara. Wọ́n ya "speak" àti "talk" náà sọ́tọ̀ báyìí.

Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó sì hàn lára rẹ̀. A. S. Hornby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Japan ní 1924 láti kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Gatenby àti Wakefield, ló ṣe ìwé náà, Tokyo ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942, kí Oxford tó gbé e jáde ní 1948. Àwọn tó ti jókòó ti àjèjì, tí wọ́n ti gbọ́ bó ṣe ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ló mọ ibi tó yẹ kí àpótí wà.

Ní abẹ́ "tell" ni mo ti máa ń pẹ́ jù pẹ̀lú àwọn ọmọ. Irọ́ ń bẹ níbẹ̀, ìtàn ń bẹ níbẹ̀: "tell a lie", "tell a story". Mo máa ń ní kí wọ́n ronú sí i: àwa náà, pípa la ń pa irọ́, pípa la ń pa àlọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló mú méjèèjì lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan ló mú wọn lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò ní kọ "say a lie" mọ́. Àdúrà ni kó wá ṣọ́ra fún, torí "say" ló ni ti àdúrà.

Ìwé náà kò gbọ́ Yorùbá ṣá, ẹ má retí pé yóò ṣe iṣẹ́ tíṣà tán. "He is said to have travelled" wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọmọ pé "wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò" ló ń kà yẹn, "wọ́n" tí a kì í mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ ní láti sọ ọ́ fún un fúnra yín. Àkànlò èdè pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó sì máa ń rú wọn lójú jù ni "say when", tí ẹni tó ń bu nǹkan mímu fún àlejò máa ń sọ, pé kó dá òun dúró bó bá ti tó.

Ìṣòro tó ká mi lára jù ni ti ìró. Ìwé náà kọ ìpè "said" sí /sed/, ó kọ "says" sí /sez/. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Yorùbá ni ọmọ fi ń wo "e" yẹn, ló bá pè é bí "e" inú "ewé". "Ẹ" inú "ẹsẹ̀" ló sún mọ́ ọn jù. Ọmọ tó ń lọ kọ Oral English ní WAEC gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó wọlé, torí "séèdì" àti "séèsì" ló kún ẹnu gbogbo wa.

Láti ilé iṣẹ́ University Press ní Jericho ni mo ti ra tèmi. Àwọn yìí ni Oxford dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1949, tí wọ́n di University Press ní 1978. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú ẹ̀bá ọ̀nà. Òbí kan ra irú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ti ràn débi pé a kò rí àmì ìró kankan kà, bẹ́ẹ̀ owó tó ná kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ojúlówó. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ wọ oxfordlearnersdictionaries.com lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá "say", ẹ tẹ àmì sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "says", kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì tún un pè títí tí "ẹ" yóò fi jáde.