Àgbéyẹ̀wò: ilé "iná àti wáífáì wákàtí 24" tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Dhaka fún oṣù mẹ́fà

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, lálẹ́ Tuesday kan nínú oṣù July. Òjò ń rọ̀ ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh, bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, mo wà lórí mítìn pẹ̀lú ọ̀gá mi ní Èkó àti kọ́sítọ́mà tuntun kan tí a ti ń lé kiri láti oṣù March, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín", mo tẹ bọ́tìnì, gbàù, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Mi ò bẹ̀rù o. Ẹ̀rín ni mo rín. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ta ló fẹ́ fi òkùnkùn dẹ́rù bà mí? Yàtọ̀ síyẹn, mo ti sanwó kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀.

Kí n tó san owó ilé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bi mánéjà wọn léèrè. Mo ní, tí iná bá lọ ńkọ́? Ó ní "generator, sir." Mo ní wáífáì ńkọ́? "Generator, sir." Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń jẹun o, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fi já níwájú kọ́sítọ́mà, oúnjẹ ló já yẹn. Ọmọkùnrin náà gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní "shomossha nai, sir", ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Ẹ há gbólóhùn yẹn sórí, torí ẹ máa gbọ́ ọ títí ẹ ó fi kúrò ní Bangladesh. Nígbà míì òótọ́ ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wàhálà ti wà nílẹ̀ gbagidi, kò ṣáà tíì kan ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni.

Ìyàwó mi ló gbé wa dé Dhaka. Ó rí ẹ̀kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà gbà ní ilé ìwòsàn ìwádìí tó wà ní Mohakhali, àwọn tó mọ̀ nípa kọ́lẹ́rà dé ìdí (ẹ̀yin tí ìyá yín fi omi ORS gbà lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru ní kékeré, Dhaka yìí ni wọ́n ti dán an wò lára aláìsàn ní 1968, ẹ kí wọn kú iṣẹ́). Èmi ní tèmi, tí lápútọ́ọ̀pù bá ti wà níwájú mi, ibikíbi ni ọ́fíìsì. A wá gba fúláàtì kan ní Banani, àjà karùn-ún, ó ti ní bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fíríìjì, gáàsì, wọ́n sì ní èèyàn tó ń wá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó oṣù méjì ni wọ́n gbà sílẹ̀, "advance" ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní fi yàrá àti sọ́fà dá yín dúró, ẹ lè rí fọ́tò ẹ̀ lórí ìpolówó wọn, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àfi àga tó wà nídìí tábìlì tó jẹ́ pé ọ̀tá ìbàdí ni.

Ohun tí mo gbádùn jù ni àárọ̀. Wákàtí márùn-ún ni Dhaka fi ṣáájú Èkó, tí wọ́n bá wọṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án nílé, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Gbogbo àárọ̀ di tèmi. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ṣọ́ọ̀bù oní-tíì kékeré kan létí títì, ó gbé kẹ́túlù kalẹ̀ sórí iná, ó kó bisikíìtì sínú ìgò, ó tẹ́ bẹ́ǹṣì kan sílẹ̀, ó parí. Tíì oní-mílíìkì dídùn, 10 táákà (owó wọn nìyẹn) ni mo ń rà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbọ́ tí ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń pe bàbá tó ń po tíì ní "mama", mo wo bàbá, mo wo irùngbọ̀n bàbá náà, mo ní ó dáa. Àṣé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá lọ́kùnrin ni wọ́n ń pè ní mama lédè wọn, bí wọ́n sì ṣe ń pe oní-tíì, oníkẹ̀kẹ́ àti oní-fuchka (ìpápánu ẹ̀gbẹ́ títì wọn) nìyẹn, bí ìgbà tí àwa bá ń pe ẹni tí a ò mọ̀ rí ní bọ̀ọ̀dá. Ó gbà mí lọ́sẹ̀ méjì kí n tó lè ké "mama!" sí ọkùnrin láàárín ọjà láìrẹ́rìn-ín.

Ariwo wà o, mi ò ní purọ́. Wọ́n ń kọ́lé lẹ́yìn tiwa, ẹ̀rọ tó ń fọ́ bíríkì sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀, torí òkúta ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ wọn, bíríkì fífọ́ ni wọ́n ń pò mọ́ kọnkéré, aago mẹ́jọ àárọ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Fèrè ọkọ̀ ò dákẹ́ rí. Àdúgbò sì ni mọ́ṣáláṣí wà lọ́tùn-ún lósì, tí ìrun bá tó lórí mítìn, ohùn mẹ́rin ló máa ń ké pọ̀, ọ̀gá mi tó ń gbé Agége kàn máa ń sọ pé "ó jọ pé ò ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi".

Ohun kan tí wọn ò sọ fún wa ni ọ̀rọ̀ ìsinmi. Friday àti Saturday ni tiwọn, Sunday ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Saturday nìkan ni èmi àti ìyàwó mi jọ ń rí ara wa dáadáa. Tí ohunkóhun bá sì bàjẹ́ ní Thursday alẹ́, ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ó di Sunday.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sínú òkùnkùn.

Jẹnẹrétọ̀ gbéra, kò tó ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù kan tàn ní pálọ̀, fáànù yí, mo gbọ́ ohùn lífìtì. Rúta mi ò tilẹ̀ kú rárá, torí mo ti lọ ra UPS kékeré, bátìrì tó máa ń gbé e tí iná bá lọ, èyí tí wọ́n ń ṣe fún rúta nìkan, ní IDB Bhaban ní Agargaon, ọjà kọ̀ǹpútà wọn nìyẹn, gbogbo ará Dhaka tó ń ṣiṣẹ́ nílé ló ní irú ẹ̀. Mo jókòó, mo tún kọ́là ṣe. Mo wo iná ojú rúta: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé, pupa. Íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Mo tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù, gbogbo àdúgbò ti tan tiwọn náà, ó ń yí, ó ń yí. WhatsApp ọ̀gá mi wọlé: "O ti já o." Ọ̀kan tún wọlé: "Wọ́n ń dúró."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Mánéjà wà nínú ọ́fíìsì ẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń jẹ muri, ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi ata àti òróró mọ́sítáàdì pò, fáànù ń fẹ́ ẹ. Mo ní wáífáì ti lọ. Ó ní generator ti wà lórí, sir. Mo ní mo mọ̀, wáífáì ni mo sọ. Ó ní "five minutes, sir." Mo ní kí ló máa ṣẹlẹ̀ láàárín five minutes? Ó ronú sí i. Ó ní current, ìyẹn iná, máa dé. Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú, èdè ò tó mi lọ ni.

Ibi tí mo ti ń pariwo yẹn ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì ti yọjú. Chacha ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, àbúrò bàbá ẹni nìyẹn, àgbà ni wọ́n, wọ́n ró lungi wọn, ìró ọkùnrin, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú tiwọn lọ. Mo ní "Chacha, internet nai." Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gba orí àtẹ̀gùn lọ, àjà kejì, wọ́n ṣí àpótí pákó kékeré kan tí mo ti ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo rò pé mítà iná ni. Àpótí funfun kan wà nínú ẹ̀ tí kò tó páálí ṣúgà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tín-ínrín aláwọ̀ yẹ́lò wọ inú ẹ̀, àwọn wáyà ilé sì jáde níbẹ̀. Kò sí iná kankan lójú ẹ̀. Chacha tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní "current nai."

Gbogbo ẹjọ́ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé lífìtì, ó ń gbé gílóòbù, ó ń gbé fáànù mánéjà, kò sẹ́ni tó rántí fa wáyà kan sí àpótí tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ilé ń gbà wọlé. Mo béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí n tó sanwó, ẹ̀kẹrin ló yẹ kí n béèrè.

Chacha sọ̀ kalẹ̀ wọ yàrá wọn lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n ní IPS kékeré kan níbẹ̀, ohun tí àwa ń pè ní ìnfátà, wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì kan, wọ́n ti wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n bọ̀ ọ́, wọ́n so òmíràn mọ́ ọn, wọ́n tún so ẹ̀kẹta, wọ́n fi okùn dè é mọ́ irin àtẹ̀gùn kí ẹsẹ̀ má bàa kọ́ ọ, títí ó fi dé inú àpótí. Èmi ni mo ń mú tọ́ọ̀ṣì dání. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn. A dúró. Èkejì tàn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ashche?" Ó ti dé? Ọ̀rọ̀ yẹn mo mọ̀ ọ́n, òun ni gbogbo àdúgbò ń ké nígbà tí iná bá dé, Up NEPA tiwọn. Mo ní "Ashche!" mo sì ti ń sáré lọ sókè.

Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo fi já. Kọ́sítọ́mà ò tíì lọ, ọ̀gá mi ti ń fi ìtàn Èkó dá wọn dúró. A parí ẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án mo sọ̀ kalẹ̀ láti lọ dúpẹ́, iná ò tíì dé. Mo bá Chacha níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ibùsùn wọn, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn rin gbindin fún òógùn, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wọn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ògiri. Pílọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ kí wáífáì mi tó tàn, ti fáànù wọn ni. Nínú ooru July yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Chacha pariwo, wọ́n gbá mi mú léjìká méjèèjì, wọ́n rò pé mo dákú ni.

Lówurọ̀ mo lọ bá mánéjà. Ó fún mi ní tíì àti bisikíìtì, ó ní ẹjọ́ àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo pe àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹjọ́ ilé ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ju ẹjọ́ yẹn sí ara wọn lọ́wọ́, Friday àti Saturday sì wà nínú ẹ̀. Mo lọ ra fáànù alágbèéká tó ń lo bátìrì fún Chacha lọ́jọ́ kejì, torí wáyà wọn la ń lò títí wọ́n fi wá fa ti jẹnẹrétọ̀ sí i. Nígbà tí bíìlì oṣù wá dé, lábẹ́ "service charge" ni mo ti rí i: "IPS line, 1,000 taka." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá mánéjà débẹ̀. Mo ní ta ló ń gba owó yìí, ìwọ ni àbí Chacha? Ó ní "okay sir, 500." Mo ní a ò nájà níbí. Ó fagi lé e, ó sì ń bínú, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi kí mi.

Irú ẹni tí mo fẹ́ bà lórúkọ jẹ́ pátápátá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù September ibà mú ìyàwó mi, ojú ń ro ó, egungun ń ro ó, ẹ̀rù dengue ló bà wá, àìsàn ẹ̀fọn ọ̀sán yìí pa èèyàn tó lé ní 1,700 ní Bangladesh lọ́dún 2023 nìkan. Aago méjì òru ni. Mánéjà yìí ló wá CNG fún wa nínú òjò, kẹ̀kẹ́ Màrúwá tiwọn nìyẹn, aláwọ̀ ewé tó ní ilẹ̀kùn irin bí àgò adìẹ. Òun ló ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, òun ló ń sáré owó kiri, ó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Dengue ni lóòótọ́, ó sì ti gbádùn. Nígbà tí mo fẹ́ san owó CNG padà fún un, ó gbọ́wọ́ lé àyà. Ẹ mọ ohun tó sọ.

"Advance" wa, wọ́n dá a padà, ó ku 2,000 táákà, wọ́n ní a fi ìṣó lu ògiri. Ìṣó kan.

Máàkì mi: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí pákó àjà kejì fún yín, kí ẹ sì fojú yín rí wáyà jẹnẹrétọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ bá mi kí Chacha.