Ọjọ́ ìsinmi ọlọ́jà àti ètò ìlera òṣìṣẹ́

Ọ̀nà méjì ni àwọn iléeṣẹ́ tí kò fi ẹ̀sìn wọn pamọ́ ní Amẹ́ríkà ń gbà ṣòwò, èmi sì fara mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ. Láti ọdún 1946 tí S. Truett Cathy ti ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó bí Chick-fil-A tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ni wọ́n ti ń tilẹ̀kùn ní ọjọ́ Àìkú. Bákan náà ni B&H Photo, ilé ìtajà kámẹ́rà ní New York, tí àwọn Júù ni ín, kì í tajà lọ́jọ́ Sábáàtì: ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè wo ọjà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò lè sanwó títí Sábáàtì yóò fi parí. Ẹni tó gba ẹ̀sìn gbọ́ ló pàdánù èrè níbí. Oníbàárà tí kò sí nínú ẹ̀sìn náà kàn máa padà wá ni.

Ti Hobby Lobby, iléeṣẹ́ àwọn Kristẹni tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọnà, yàtọ̀. Ní ọdún 2014, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre pé kò pọn dandan kí ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sanwó fún àwọn ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan tí ìgbàgbọ́ àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà lòdì sí. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ ní ìjọba lè wá ọ̀nà mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin náà yóò fi rí i gbà, síbẹ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ kò fọwọ́ sí ìgbàgbọ́ kankan nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́.