Sítíríìpù ìdánwò ìtọ̀ olójú mẹ́wàá: ọjà gidi ni, ṣùgbọ́n odindi ìgò ni kí ẹ rà

Ìgò kékeré ni, ideri rẹ̀ le, sítíríìpù 100 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ní Ìlọrin ló ń tà á, láti Táíwò dé Tankẹ́, ẹ ó sì rí i ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ike pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni sítíríìpù kọ̀ọ̀kan, ojú kéékèèké mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní kẹ́míkà tirẹ̀ tó ń yí àwọ̀ padà: ṣúgà, bilirubin (èròjà yẹ́lò tó ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó), ketone (ohun tí ara ń ṣe nígbà tó bá ń jó ọ̀rá), bí ìtọ̀ ṣe ki tó, ẹ̀jẹ̀, pH (bí ìtọ̀ ṣe kan tó), púrótéènì, urobilinogen (ohun tí bilirubin ń dà nínú ìfun), nitrite (ohun tí kòkòrò ń ṣe nínú ìtọ̀) àti sẹ́ẹ̀lì funfun (ọmọ ogun ara tó ń bá kòkòrò jà). Bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru, onítọ̀ ṣúgà tàbí aboyún bá wà nílé, ó tọ́ kí ẹ rà á, tó bá jẹ́ ìgò tí wọn kò tíì já. Èyí tí wọ́n ń yọ lẹ́yọ lẹ́yọ sínú ọ̀rá fún èèyàn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá sítíríìpù. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi nǹkan tó ń fa omi mu sínú ìgò. Sítíríìpù tó bá ti wà nínú ọ̀rá lórí káńtà fún ọjọ́ mélòó kan, ojú nitrite rẹ̀ lè ti yọ píǹkì kí ìtọ̀ tó kàn án rárá. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe á wá rò pé kòkòrò ti wọ ìtọ̀ òun, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn apakòkòrò mì. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó: ẹ mú sítíríìpù gbígbẹ kan, ẹ fi wé ìlà àkọ́kọ́ lórí àtẹ àwọ̀ tó wà lára ìgò. Bí nitrite bá ti pọ́n díẹ̀, tàbí tí púrótéènì kò jẹ́ yẹ́lò mọ́, ìgò yẹn ti bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ì báà jẹ́ ọdún tó ń bọ̀.

Ìwọ̀n ooru 2 sí 30 °C ni wọ́n ṣe é fún. Ní oṣù kẹta ní Ìlọrin, yàrá onípáànù kọjá 30 lọ́sàn-án, inú mọ́tò tó wà lóòrùn sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tó tutù jù ni kí ẹ gbé e sí. Fìríìjì kọ́, torí bí ẹ bá ṣí ìgò tútù, omi á sẹ̀ sára sítíríìpù.

Ife tí ẹ máa tọ̀ sí gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ. Bí wọ́n bá fi bílíìsì fọ̀ ọ́ tí wọn kò ṣan án dáadáa, ojú ẹ̀jẹ̀ àti ojú ṣúgà lè yí àwọ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ṣúgà. Lọ́dọ̀ wa, bútà kì í jìnnà sí ẹni tó fẹ́ tọ̀: ẹ fi omi rẹ̀ fọ ara kí ẹ tó gbé ife, torí omi tó bá kán sínú ife á la ìtọ̀, púrótéènì tí kò pọ̀ á sì pòórá. Ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ti àárín ni kí ẹ gbà. Ti ìdájí ló dára jù, torí ó ti pẹ́ nínú àpò ìtọ̀, ó sì ki. Kó má ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ri sítíríìpù bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 1 péré, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nu etí ife bí ẹ ṣe ń fà á jáde, kí ẹ sì gbé e ní ìbú. Bó bá dúró lóòró, kẹ́míkà ojú kan á ṣàn lọ bá èkejì. Ó wá ku aago, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n ń ka ṣúgà àti bilirubin, 40 ni ketone, 45 ni bí ìtọ̀ ṣe ki tó, 60 ni ẹ̀jẹ̀, pH, púrótéènì, urobilinogen àti nitrite, 120 ni sẹ́ẹ̀lì funfun. Àwọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ má kà á sí. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù pupa tàbí tọ́ọ̀ṣì fóònù. Àtẹ ìgò kan kò sì ṣeé lò fún sítíríìpù ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tí kíndìnrín jẹ́ kó kọjá ni ojú wọ̀nyí ń kà. Kíndìnrín méjèèjì wà lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀ṣẹ́ àgbà, asẹ́ tíntìntín bíi mílíọ̀nù 1 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi lítà 180 ni wọ́n ń sẹ́ lójúmọ́, wọ́n á dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀, á ku lítà 1 sí 2 tó ń di ìtọ̀. Gbogbo ṣúgà ni wọ́n ń gbà padà, àfi tó bá ti ju bíi 180 mg/dl lọ nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà náà ló ń ṣẹ́kù sínú ìtọ̀. Òun ni èèrà ń ṣù bò nílẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní dapagliflozin tàbí empagliflozin yàtọ̀ o: iṣẹ́ oògùn náà ni láti da ṣúgà sínú ìtọ̀, ojú yẹn kò wúlò fún un.

Púrótéènì ló yẹ kí ẹ fojú sí jù. Kò yẹ kí albumin, púrótéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, gba ojú asẹ́ kọjá. Tó bá ń jò, yẹ́lò á di àwọ̀ ewé: + kan jẹ́ bíi 30 mg/dl, ++ jẹ́ 100, +++ jẹ́ 300. Ibà tàbí iṣẹ́ agbára lè mú + kan wá lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ti aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20 kò ní ìdúró: bí púrótéènì bá yọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì tó 140/90, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ketone díẹ̀ lè yọ nírọ̀lẹ́, ìtọ̀ á sì ki dé 1.030. Ebi àti òùngbẹ ni, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀ ṣúgà bá rí ketone ++ pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ojú ẹ̀jẹ̀ wúlò fún àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò, torí atọ̀síajá máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìtọ̀ kí ojú tó rí i. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kó dúró dìgbà tó bá parí. Fítámíìnì C 1000 mg, irú èyí tó ń hó nínú omi, lè bo ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà mọ́lẹ̀: ẹ má lò ó fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ṣe ìdánwò.

Nitrite àti sẹ́ẹ̀lì funfun ń sọ̀rọ̀ kòkòrò. Ọ̀nà tí ìtọ̀ obìnrin ń gbà jáde gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 4, tọkùnrin tó 20, ìdí nìyí tí kòkòrò fi ń tètè dé àpò ìtọ̀ obìnrin. Nitrite nílò kí ìtọ̀ pẹ́ tó wákàtí 4 nínú àpò, kòkòrò kan sì wà tí kì í ṣe é rárá. Bí títọ̀ bá ń ta yín, tí nitrite kò yọ, ẹ ṣì lọ ṣe culture ní láàbù, ìdánwò tí wọ́n fi ń mú kí kòkòrò inú ìtọ̀ hù kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Sítíríìpù yìí kò lè sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ojú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè mọ́ kí ìdajì agbára kíndìnrín ti lọ, láìsí ìrora. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí láti ara iṣan tí kíndìnrín ń kó jáde, ló ń fi ìyẹn hàn, láàbù ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Sítíríìpù kì í rí albumin díẹ̀ díẹ̀ tó kọ́kọ́ ń jò lára onítọ̀ ṣúgà náà, onítọ̀hún nílò ìdánwò albumin àti creatinine inú ìtọ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀pọ̀ ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kó má ju oṣù 3 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, nítorí náà 100 ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Agboolé tó ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru mẹ́ta mẹ́rin lè dáwó jọ ra ìgò kan. Kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní aago, kó sì kọ ọjọ́ tó ṣí i sára ìgò.