Iná Ọ̀sán Ọkọ̀ Yín: Gílóòbù, Kọ̀ǹpútà tàbí LED Bọ́ńpà?

Ní àsìkò ọyẹ́, bí eruku bá gba ojú ọ̀nà Ìkìrun sí Òṣogbo, ọkọ̀ tó tan iná lọ́sàn-án lèèyàn máa ń kọ́kọ́ rí. Mo fẹ́ kí iná ọ̀sán yìí, èyí tó ń tàn níwájú ọkọ̀ lọ́sàn-án kí wọ́n lè rí i, mọ́lẹ̀ dáadáa lára gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa rà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ọkọ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ mọ irú iná tó wà lára tiyín.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ojú iná náà, kí wọ́n dán an. Ojú iná tó ti pọ́n ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kò sì sí gílóòbù tó lè ṣe é. Kí rewáyà sì yẹ wáyà tó so mọ́ bọ́dì ọkọ̀ wò, bóyá ó ti dípẹtà.

Gílóòbù LED ló rọjú jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù tí iná ọ̀sán wọn kì í ṣe LED láti ilé iṣẹ́ ń lo gílóòbù P21W, tó jẹ́ wáàtì 21. LED máa ń funfun jù ú lọ, kì í sì í fa iná púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rí i pé iná tí gílóòbù ń fà ti kéré jù, á gbà pé ó ti jó, á sì tan àmì sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọn á ní kí ẹ ra resistor kún un, ìyẹn ohun kékeré tó ń fa iná kí kọ̀ǹpútà lè rò pé gílóòbù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń gbóná gan-an o! Ara irin ni kí wọ́n dè é mọ́, kó má kan ike tàbí wáyà kankan.

Toyota tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá tún yàtọ̀. Lára àwọn Camry àti Corolla kan, gílóòbù fúùlù náà ló ń tàn lọ́sàn-án. Wọ́n kàn dín agbára iná tó ń lọ síbẹ̀ kù ni. Gílóòbù àtijọ́ gba kí wọ́n dín in kù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ LED ọjà kì í gbà: ó lè máa ṣẹ́jú, ó sì lè tàn tán pátápátá, kí ẹ wá máa tan fúùlù sójú ọlọ́kadà ní Ọláìyá láàárọ̀. Ẹ má rà á fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ BMW, Volkswagen tàbí Audi lẹ ní, kọ̀ǹpútà ni mo máa yàn. Wọ́n á ki ẹ̀rọ kékeré bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi áàpù bíi BimmerCode (fún BMW) tàbí VCDS àti OBDeleven (fún Volkswagen àti Audi) yí ìwọ̀n iná náà pa dà. Ẹ kò tú nǹkan kan, bí kò bá sì wù yín, wọ́n á dá a pa dà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n bá níbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e dé òkè téńté: ooru ló ń pa LED, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, bó bá kú, odindi iná iwájú lẹ máa rà.

Ọkọ̀ tí kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, LED tí wọ́n ń dè mọ́ bọ́ńpà ló yẹ ẹ́. Ẹ wo ara gíláàsì rẹ̀: kí lẹ́tà RL wà níbẹ̀, pẹ̀lú E nínú òbírí. Àmì òfin Yúróòpù nìyẹn, tó ní kí iná ọ̀sán má kéré ju candela (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 400 lọ, kó má sì kọjá 1200. Èyí tí kò ní àmì lè máa ta síni lójú, ó sì lè má hàn lóòrùn rárá. Kó ní wáyà tó ń dín in kù lálẹ́ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ tan iná iwájú. LED náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ tàbí kó kú. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣì ń tàn, ara bátìrì ni wọ́n so ó mọ́ tààrà; kí rewáyà tún un ṣe lójú yín, kó má fa bátìrì gbẹ mọ́jú.