Bàtà òjò, bàtà tó dé itan tàbí wédà: èwo ni kí apẹja Òṣogbo rà?

Àwọn apẹja òyìnbó tí à ń rí lórí fóònù, òtútù ni wọ́n ń sá fún. Ìdí nìyẹn tí wédà wọn, ṣòkòtò tó so mọ́ bàtà, fi nípọn láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ooru ló ń bá àwa jà níbí. Ẹni tó bá fi owó gọbọi ra aṣọ tí wọ́n rán fún omi yìnyín, tó wá gbé e wọ̀ lọ sí dáàmù Erinlẹ̀, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù ni yóò ti bọ́ ọ jù sí bèbè, yóò sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi. Ẹsẹ̀ lásán yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ ń kọ èyí.

Ìlú Atáọ́ja, ọba tó tẹ́wọ́ gba ẹja, ni wá, ṣùgbọ́n a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Nítorí náà, ọ̀nà Òkìnnì àti Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti sé odò Erinlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà. Àwọn mìíràn ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé. Omi tí wọ́n sé kì í ṣàn bọ̀rọ̀. Ìgbín kéékèèké máa ń wà nínú koríko etí irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń tú kòkòrò àtọ̀sí ajá sómi. Ojú lásán kò lè rí kòkòrò náà. Kò wá ojú egbò kó tó wọlé: awọ ara tó dá ṣáká ló ń lu kọjá, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ló máa ń pọ̀ lómi jù. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń yọ àwọn ọmọ abúlé etí dáàmù lẹ́nu, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́sibítù, àmọ́ ẹni tó lò ó tó tún fẹsẹ̀ lásán padà sómi lè tún kó o.

Torí ẹ̀, bí mo bá ń fi ọjà méjì wéra, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bi ara mi ni bóyá màá lè wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́ta láì bọ́ ọ. Èyí tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ kò lè dáàbò bò yín.

Bàtà tó dé orúnkún àti bàtà tó dé itan

Bàtà òjò tí gbogbo wa mọ̀ tó fún ẹni tó ń dúró sí bèbè ju ìwọ̀, tàbí tó ń bọ́ ẹja. Oríṣi méjì ni: ti rọ́bà àti ti pílásítíìkì. Ẹ tẹ ọrùn bàtà náà pọ̀ lọ́wọ́. Ti rọ́bà á rọ̀, á sì padà sípò. Ti pílásítíìkì á ṣe gan-gan, á máa rùn bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé tuntun. Ti pílásítíìkì fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ti rọ́bà wúwo, owó rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n bó bá lu, fọkanáísà àdúgbò lè lẹ̀ ẹ́ bíi túùbù kẹ̀kẹ́. Ẹ má gbé ti pílásítíìkì lọ bá fọkanáísà o, iná á yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń lọ sódò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rọ́bà ni kó rà.

Àléébù kan náà làwọn méjèèjì ní. Bí omi bá ti kọjá orúnkún, á wọ bàtà láti òkè, omi ọ̀hún á sì máa bá ẹsẹ̀ yín gbé inú ibẹ̀. Fún ẹni tó ń wọ omi díẹ̀ kó tó na àwọ̀n, bàtà tó gùn dé itan ló dára jù lójú tèmi. Okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ bẹ́líìtì. Ikùn àti ẹ̀yìn yín wà níta, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn, ooru kò sì rí yín mú. Mo ti wọ tèmi láti ìdájí títí di aago mọ́kànlá láì ronú àtibọ́ ọ.

Wédà

Wédà ni ṣòkòtò tó so mọ́ bàtà, tó gùn dé àyà, tó ní okùn èjìká. Ti pílásítíìkì kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í sì í jẹ́ kí òógùn jáde. Kí wákàtí kan tó pé, aṣọ inú yín á ti rin gbingbin. Ṣùgbọ́n kíkó ẹja nínú póńdù kì í pẹ́, ó sì tó fún ìyẹn.

Ti neoprene, rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 5, òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Kódà nígbà ọyẹ́, mi ò ní rà á. Bí ẹ bá rí i lórí òkìtì òkìríkà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ kọjá.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ tó ń mí, irú Gore-Tex, tí Bob Gore ṣàwárí ọ̀nà rẹ̀ ní 1969. Ihò inú rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀kán omi kò lè gbà á kọjá, àmọ́ ooru òógùn ń gbà á jáde. Ó fẹ́lẹ́, òun ló sì tuni lára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kìkì pé ó ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta gbẹ ju ti inú lọ, afẹ́fẹ́ tiwa nígbà òjò sì ti rin tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gún ojú ọ̀nà bèbè tún máa ń tètè lu ú. Ẹni tí owó rẹ̀ tó, tó ń pẹja púpọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kó rà á. Ẹlòmíràn kò nílò rẹ̀.

Mo ti ra wédà òkìríkà kan rí, tuntun lójú, tí ẹni tó tà á fún mi búra pé kò lu. Ọjọ́ kejì, omi rọra tutù mí láàárín ẹsẹ̀. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo paná yàrá, mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú ẹsẹ̀ wédà náà: ìmọ́lẹ̀ ń yọ jáde ní ojú ìrán, tó-tò-tó, bí ìràwọ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ojú ìrán ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, pàápàá ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé.

Ẹ má wọ wédà láì di bẹ́líìtì mọ́ ọn níbàdí pinpin. Bí ẹ bá ṣubú, bẹ́líìtì ni kò ní jẹ́ kí omi kún un. Wédà tó bá kún, àtigbé ara ẹni gun bèbè di ogun. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó ni kí ẹ wọ̀.

Kóòtù òjò, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìwọ̀n

Kóòtù ọlọ́kadà tó fún òjò wa. Ẹ sáà wò ó pé wọ́n lẹ téèpù mọ́ ojú ìrán nínú. Bí ẹ bá rí 10,000 mm lára aṣọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi lè ga tó mítà 10 lórí rẹ̀ kó tó là á kọjá. Èyí tó jẹ́ 1,500 mm kò ní pẹ́ já yín kulẹ̀ nínú òjò oṣù kẹsàn-án.

Ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí dáàmù wa, nítorí náà, ẹ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rọ́bà tó ní eyín jíjìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ oníbùláńkẹ́ẹ̀tì (felt ni òyìnbó ń pè é) tí àwọn kan fi ń rìn lórí òkúta yíyọ̀ máa ń gbé ìdọ̀tí láti odò kan lọ sí òmíràn. New Zealand fòfin dè é ní 2008.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọn bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè: bí ó bá yọ nínú bàtà, ẹrẹ̀ á gba bàtà náà lẹ́sẹ̀ yín.

Bí ẹ bá ti délé, ẹ má sá a sóòrùn, rọ́bà á sán. Ẹ dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì gbọn inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tún ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí àkeekèé fẹ́ràn ibẹ̀.