Fílítà afẹ́fẹ́ fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì: ti bébà, ti òwú, àbí èyí tí kò ní àpótí?

Ẹ lè ra fílítà aláràbarà, ti òwú tàbí èyí tí kò ní àpótí, nítorí ariwo rẹ̀, ẹ lè rà á nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún Hilux tàbí tírélà yín torí pé ẹ fẹ́ dín owó dísẹ́ẹ̀lì kù.

Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí tó ń pa dé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, iye epo tí nọ́sù ń fọ́n ni ẹsẹ̀ ń darí; afẹ́fẹ́ tó wọlé a máa pọ̀ ju èyí tí epo nílò lọ, tọ́bò sì tún ń kì í wọlé. Ẹ fẹ ojú páìpù tì, nọ́sù kò ní torí ìyẹn fọ́n epo díẹ̀. Ní ti fílítà, èyí tó dí gan-an nìkan ló ń fa èéfín dúdú àti òkè tí ọkọ̀ kò lè gùn, fílítà bébà tuntun sì ti tó fún ìyẹn.

Fílítà bébà ló ń mú eruku kíkúnná jù, òun náà ló dára jù fún ọ̀nà Kàdúná sí Kánò nígbà ọyẹ́. Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi Àpò tàbí Zuba ní Àbújá, ẹ tẹ rọ́bà etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bó bá le, eruku yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ gbé iná sínú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbì kan ṣoṣo, ó ti lu. Bí ẹ bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́, láti inú síta ni, kó má ju báà 2 lọ. Fílítà kékeré inú ti tírélà kì í ṣe èyí tí à ń fọn, pípààrọ̀ ni. Bí tírélà bá ní géèjì fílítà, èyí tó ń fi hàn bí fílítà ṣe dí tó, pupa rẹ̀ sábà máa ń yọ ní nǹkan bíi kPa 6.

Ti òwú ṣeé fọ̀, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ dáadáa, àmọ́ eruku kíkúnná ń ráyè kọjá. Bí ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á bá pọ̀ jù, yóò lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì máa ka irọ́.

Èyí tí kò ní àpótí ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fà, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́. Súfèé tọ́bò tó ń dún sókè ló ń tan awakọ̀ pé agbára ti dé. Eruku tó bá kọjá yóò gé abẹ́ tọ́bò, yóò ha ríǹgì písítìnì, ẹ́ńjìnnì yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ́ìlì.

Bí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ ra páìpù gíga tó ní orí tó ń yí eruku dànù. Kò ní dín epo kù, ṣùgbọ́n fílítà yóò pẹ́ sí i. Epo tó ń ṣòfò, ẹ wá a lọ síbi afẹ́fẹ́ táyà, bíréèkì tó ń di ẹsẹ̀ mú, àti páìpù rọ́bà tọ́bò tó ń jò.

Bí ẹ bá ti wá ra fílítà aláràbarà náà, ẹ fi aṣọ funfun nu inú páìpù lẹ́yìn fílítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí aṣọ bá pọ́n, ẹ yọ ọ́, kí ẹ dá àpótí àtilẹ̀wá padà.